Ọkọ̀ Funfun Tí Verna Wà Lọ Sílé

Ní Heron Bend, ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ gọ́ọ̀fù, ẹsẹ̀ ni kò ní. Òun ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun náà ni wọ́n ń gbé lọ kí aládùúgbò tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sín nílé tiwọn, á gbọ́ ọ nílé tirẹ̀. Gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò gbá a rí láyé. Ọkọ̀ kékeré tí kò nílẹ̀kùn, tó ń rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ lábẹ́ oòrùn Flọ́rídà, òun ni wọ́n fẹ́.

Verna Lindqvist, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, mọ ìgbádùn ibẹ̀ jẹ. Òun àti Orrin ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ sá fún yìnyín Minnesota wá síbẹ̀, kí Orrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ sọ́run. Àwọn ènìyàn wọn tó kù ní Minnesota rò pé ibi tí àgbà ti ń jókòó de ikú ni. Jókòó kẹ̀? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, Verna ti wà nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dé fìlà rọ́bà, tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó di ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, ó di ìdí káàdì. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni oúnjẹ alẹ́, nítorí pé ẹni tó bá tètè jẹun, ilé oúnjẹ á bá a dín owó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ́ lọ sí gbàgede, níbi tí àwọn olórin ti ń kọrin fún wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá, wọ́n á sì jó títí di agogo mẹ́sàn-án. Bó bá ti kọjá mẹ́sàn-án, ẹ wá ẹni tó lajú sílẹ̀ ní Heron Bend tì.

"Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, kó padà síbi iṣẹ́," ni Roz Petrakis máa ń wí. Roz ni aládùúgbò Verna àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣe irun fún àwọn obìnrin New Jersey títí ọwọ́ fi ń ro ó, àmọ́ ẹnu kò tíì ro ó. Verna fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ gọ́ọ̀fù wọ̀nyí jọra bí ẹyin adìẹ. Funfun ni ọ̀pọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò sì yọ ara wọn lẹ́nu láti gé kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tèmi á ṣí tìrẹ, tìrẹ á ṣí ti lágbájá. Gbogbo ará ìlú ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń so nǹkan mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ẹlòmíràn so àsíá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ ọn, ẹlòmíràn fi fèrè tó ń ké bíi màlúù sí i. Roz ní tirẹ̀ gbé ẹyẹ ike ńlá aláwọ̀ píǹkì sórí òrùlé, ó fi awò oòrùn sí i lójú, bó bá ń bọ̀ lókèèrè ẹ ó kọ́kọ́ rí ẹyẹ kẹ́ ẹ tó rí Roz.

Ti Verna wà lára ìwọ̀nba tó funfun bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan kan lára. Orrin ló fà á. Orrin kì í fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́, pé ẹni tó bá ń so òdòdó mọ́ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń lé tìróò fún ewúrẹ́. Lẹ́yìn tó kú, fìlà ìpẹja rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lára ọkọ̀ náà. Roz bẹ Verna títí pé kó so nǹkan kan mọ́ ọn, ìbáà ṣe áńkáṣífì. Verna ní Orrin kò ní fẹ́ ẹ.

"Orrin ò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò fi rí i," ni Roz wí.

"Ohun tí ò jẹ́ kí n lè bá a jiyàn nìyẹn," ni Verna dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kì í jẹ́ kí orí Verna balẹ̀, orúkọ nǹkan náà ni Karin, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Minneapolis. Karin fẹ́ràn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí Karin bá fẹ́ràn kì í ráyè mí. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá ló wá kí ìyá rẹ̀. Verna gbé ẹyin kaná, ó ní kí òun fi ìṣẹ́jú kan kí Roz lódìkejì, ọ̀rọ̀ bá dùn. Omi gbẹ, ẹyin bú gbàù, ọ̀kan nínú wọn lọ lẹ̀ mọ́ àjà, aago èéfín ń han gooro, Karin sì sá jáde láti inú balùwẹ̀ tòun ti táwẹ́ẹ̀lì. Roz rẹ́rìn-ín. Karin kò rín. Kí ó tó lọ, ìyá rẹ̀ tún fi orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ pè é, ó di ẹ̀ẹ̀mejì.

Bí Karin ṣe délé, ó kun yàrá tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀ ní ọ̀dà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí i, ó kan irin ìfọwọ́dì tí arúgbó lè gbá mú mọ́ ògiri. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Fèrèsé kan ló ní, òkè lọ́hùn-ún ló wà, tí ènìyàn bá wòta, yìnyín àti bàtà àwọn tó ń kọjá ló máa rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Karin ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kò sì ní parí ọ̀rọ̀ láìsọ pé yàrá yín ń dúró o, Mọ́mì. Lọ́jọ́ kan, kí ó lè rímú mí, Verna ní ó dáa, tí nǹkan bíi ti ẹyin yẹn bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òun fúnra òun lòun máa di ẹrù òun. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Karin di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn ewúrẹ́ mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Karin tún ń bọ̀. Verna tètè jí. Ó nu ilé, ó nu àjà, ó wá so òwú pupa mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé sítóòfù, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ tan sítóòfù láàárọ̀ náà. Ó gba ibi adágún lọ. Wọ́n ju ẹsẹ̀, wọ́n ju apá, Roz ń sọ fún gbogbo ayé nínú omi pé ọlọ́pàá Minneapolis ń bọ̀ wá yẹ firíìjì Verna wò. Nígbà tí wọ́n parí, Verna gbọn omi dànù létí, ó lọ síbi igi tó gbé ọkọ̀ sí, ó rí ọkọ̀ funfun lábẹ́ igi, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀, ọkọ̀ ṣí, ó ń fi orin sẹ́nu délé.

Ìgbà tó fẹ́ mú àpò aṣọ rẹ̀ nínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Kò sí àpò níbẹ̀. Bàtà ọkùnrin méjì ló bá, bàtà ijó funfun tó ń dán bí abọ́ tánganran, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ju ìgbọ̀nwọ́ Verna lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àpò ìwé kan tí òróró ti mu wà. Verna ṣí i. Dónọ́ọ̀tì ni, ṣúgà bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Orrin ti kú, ẹsẹ̀ Orrin kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Verna jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ti ọkọ̀ ló dùn ún. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ ní Heron Bend. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Pásítọ̀ pàápàá ti gbé ọkọ̀ gọ́ọ̀fù olóògbé lọ sílé lọ́jọ́ ìsìnkú, opó ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé èyí kalẹ̀ fún Karin tí yóò yé e? Ní Minneapolis, ẹni tó bá wa mọ́tò ẹlòmíràn délé tí kò fura, olè ni tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ má pé. Karin kò sì ní pe ìyá rẹ̀ lólè.

Ó ké sí Roz. Roz wá, ó wo bàtà, ẹ̀rín gbé e. Ó di ẹnu ọ̀nà mú kó má baà ṣubú. Ìgbà tó rí ojú Verna ló gbé ẹ̀rín mì. Àwọn méjèèjì sáré gbé ọkọ̀ padà sí adágún, wọ́n ní kí wọ́n fi ọgbọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọn kò bá ọkọ̀ funfun kankan lábẹ́ igi mọ́.

Roz ní kí wọ́n lọ sọ ní ọ́fíìsì. Verna fi ọwọ́ méjèèjì kọ̀ ọ́, nítorí pé bí ọ́fíìsì bá ti gbọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbàgede ni wọ́n máa fi kéde rẹ̀, Karin á sì gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ láàárín orin méjì. Roz bá ní òun á máa bi àwọn ènìyàn léèrè jẹ́jẹ́.

"Roz," ni Verna wí, "ìwọ àti jẹ́jẹ́ ò jọ gbé àdúgbò kan rí."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Karin ti dé. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní ara ìyá òun le. Kí ìyá rẹ̀ tó gbé omi fún un, ó ti ṣí firíìjì, ó ti gbóòórùn mílíìkì, ó ti ka ohun tó wà lára ìgò oògùn, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan sítóòfù bí ẹni ń wò bóyá ọmọdé ní ibà. Ó bi ìyá rẹ̀ ohun tí òwú pupa ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Verna ní àṣà tuntun ni. Ó kó ọwọ́ sápò.

Ọjọ́ náà lọ láìsí wàhálà. Ọjọ́ Sátidé náà lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ijó ńlá wà ní gbàgede, Karin sì ní òun fẹ́ rí ibi tí ìyá òun ń lọ ní gbogbo alẹ́. Verna ti ń gbìyànjú kí wọ́n gbé mọ́tò tí Karin háyà. Karin kọ̀, ọkọ̀ kékeré yẹn ló wu òun náà. Ó gbé àga méjì tó ṣeé ká lọ sí ilé ọkọ̀, ó fẹ́ kó wọn sí ẹ̀yìn. Verna gbọ́ tí àpótí ṣí. Ó sáré lọ.

Nígbà tí yóò fi débẹ̀, Karin ti gbé bàtà kan dání, ó ń wò ó síwá, ó ń wò ó sẹ́yìn.

"Mọ́mì, bàtà ta nìyí?"

Àwọn ìgbà kan wà tí ẹnu máa ń ṣáájú orí. Verna rí yàrá abẹ́ ilé lójú ara rẹ̀, ó rí irin ìfọwọ́dì, ó rí bàtà àwọn tó ń kọjá nínú yìnyín.

"Ti ọ̀rẹ́ mi ni," ló wí.

"Ọ̀rẹ́ yín tó ń wọ bàtà tó tó báyìí?"

"Ọkùnrin ni."

Karin rọra gbé bàtà náà padà bí ẹni gbé ẹyin. Ó ṣí àga kan sílẹ̀ láàárín ilé ọkọ̀, ó jókòó sí i. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Verna ní kò pẹ́. Ó béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Verna ní ó fẹ́ràn ijó, ó sì fẹ́ràn dónọ́ọ̀tì, nítorí pé ohun tóun náà mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ya Verna lẹ́nu ni pé Karin kò bínú. Omi gbà á lójú díẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé Dádì kò ní fẹ́ kí ìyá òun máa dá gbé. Ó wá ń wo ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé obìnrin ni. Láti ìgbà ẹyin yẹn, kò wò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Irọ́ náà dùn lẹ́nu Verna bíi ṣúgà orí dónọ́ọ̀tì, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Ṣé á wà níbẹ̀ lónìí?" ni Karin bi í.

"Mi ò rò pé á wá," ni Verna sọ kíákíá. "Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Wọ́n ní òtítọ́ ní í lé irọ́ bá lọ́nà. Ti Verna yìí, kò jẹ́ kó dé ìkòríta.

Gbàgede kún. Wọ́n gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣí àga, Roz wá bá wọn. Karin ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ sórin. Láàárín àwọn tó ń jó ni ọkùnrin kan wà, ó ga, ó sanra níkùn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi bẹ́líìtì fún un, ṣùgbọ́n sálúbàtà balùwẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá yí sọ́tùn-ún, sálúbàtà kan á fò lọ, á wá a lọ, á wọ̀ ọ́, á tún máa jó. Wendell Tuttle ni orúkọ rẹ̀, ó ti wa ọkọ̀ panápaná ní Toledo kó tó fẹ̀yìntì. Ijó kan parí, ó ń nu òógùn, ó ń lọ sí ibi omi mímu. Ó dé iwájú ọkọ̀ tí Verna gbé wá. Ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ibi tó ti ha lára, ó rìn yí i ká.

Roz rí i, ó rí Verna. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé Roz, kò rí nǹkan kan sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá," ni Wendell wí, "ta ló wa ọkọ̀ yìí wá?"

"Àwa ni," ni Karin dáhùn.

"Ṣé bàtà funfun kan kò sí lẹ́yìn rẹ̀?"

Karin fò dìde. Gbogbo ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó di Wendell lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni bàtà yẹn. Inú mi dùn láti mọ̀ yín, sà. Mọ́mì ní ẹsẹ̀ ń dùn yín."

Wendell wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò dùn mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi sálúbàtà jó," ló wí. "Mọ́mì wo nìyẹn?"

Karin na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Wendell wo Verna, Verna wo Wendell. Kò sí ẹni tó mọ ẹnìkejì rí ju pé wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá létí adágún. Ẹ̀rín ojú Karin ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń rọra pa iná.

Verna dìde. Ó mọ̀ pé òun lè tún irọ́ mìíràn gbé lé èyí lórí, ó sì mọ̀ pé kò ní dúró.

"Mi ò mọ ọ̀gbẹ́ni yìí rí," ló wí. "Mo jáde nínú omi láàárọ̀ àná, mo wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, mi ò sì fura títí mo fi rí bàtà. Ẹ má bínú, sà."

Wendell ní kò sí ìbínú kankan, òun lòun kọ́kọ́ ṣẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù lòun máa ń lúwẹ̀ẹ́ kí àwọn obìnrin tó dé. Òun ti sinmi tán létí omi, òun bá gbé ọkọ̀ funfun kan lọ. Ìgbà tóun nawọ́ sẹ́yìn láti mú dónọ́ọ̀tì ni ọwọ́ òun ba fìlà ìpẹja. Kí ló wá dé tí kò sọ ní ọ́fíìsì? Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Dókítà ti ka ṣúgà léèwọ̀ fún un, ìyàwó dókítà náà ló sì ń dáhùn fóònù ní ọ́fíìsì. Wendell ní òun kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú ọkọ̀ panápaná.

"Pupa ni ìyẹn," ni Roz wí, ẹnu rẹ̀ ti padà sípò. "Wọ́n sì kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí i lára."

Wendell rẹ́rìn-ín, Roz rẹ́rìn-ín. Karin nìkan ló dúró gbọnyin.

"Ẹ parọ́ fún mi," ló sọ fún ìyá rẹ̀.

"Mo parọ́. Mo rò ó pé kí o máa rò pé mo ní ọkùnrin sàn ju kí o máa rò pé mi ò ní ọpọlọ mọ́."

Karin ní àdéhùn ni àdéhùn, ẹyin nìkínní, ọkọ̀ nìkejì, tí ilẹ̀ bá mọ́ àwọn á jókòó sọ ọ̀rọ̀ yàrá náà. Ó béèrè èwo gan-an ni ọkọ̀ ìyá òun nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Wendell nawọ́ sí i, ó ní ọkọ̀ náà ló wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Karin lọ tìbínú-tìbínú, wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ ṣí, wọ́n rí i tó yípo jáde.

Verna jókòó. Àwọn olórin ti bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn. Wendell lọ mú àpò dónọ́ọ̀tì wá, ó na ọ̀kan sí i. Ó sọ fún un pé ọmọ òun ọkùnrin náà ti tọ́jú yàrá kan sílẹ̀ fún òun ní Toledo, orí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, òórùn epo máa ń wọ ibẹ̀. Verna jẹ dónọ́ọ̀tì náà tán kó tó dìde. Ó ní kí Roz gbé òun lọ sílé, kí òun lọ gbọ́ ẹjọ́ òun. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lábẹ́ igi, Verna rí ọkọ̀ funfun kan tí fìlà Orrin wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó wò ó. Ó ní kí Roz dúró. Ó tún wò ó dáadáa.

"Roz, ọkọ̀ mi nìyí."

"Kí wá ni ọmọ ẹ gbé lọ?"

Verna sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó dé fìlà Orrin, kọ́kọ́rọ́ Wendell tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ sì ṣí i wẹ́rẹ́. Òun ṣáájú, Roz àti ẹyẹ píǹkì tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá Karin níwájú ilé. Kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó ni ajá kékeré kan wà, ó funfun, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí, ó jókòó bí ẹni tó sanwó ọkọ̀, ó ń wo Karin lójú.

Verna sọ̀kalẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Funfun ni," ni Karin wí láìwo ojú ìyá rẹ̀. "Abẹ́ igi ló wà. Kọ́kọ́rọ́ yìí sì ṣí i."

"Mo mọ̀."

"Abẹ́ ìjókòó ló sùn sí. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó jáde."

"Kí ló dé tí o ò dá a padà?"

Karin wo ajá náà. "Mi ò mọ ọ̀nà padà."

Roz ti mọ ajá náà, ti obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ijó ni. Roz gbé ajá àti ọkọ̀ náà padà lọ kí olówó rẹ̀ tó fi orin sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹkún, gbogbo ọ̀nà ló sì ń rẹ́rìn-ín lọ, wọ́n ń gbọ́ ọ títí ó fi yà ní kọ́nà. Ó wá ku ìyá àtọmọ.

"Mọ́mì," ni Karin wí níkẹyìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Todd." Todd ni ọkọ rẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún un," ni ìyá rẹ̀ wí, "ó lè lọ tọ́jú yàrá kan sílẹ̀ fún ìwọ náà."

Karin gbé ojú sókè. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé yóò sunkún. Ẹ̀rín ló jáde, ó bẹ̀rẹ̀ láti imú, ó wọ inú, ó fi orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Verna dì í mú. Ìgbà tó fara balẹ̀, ìyá rẹ̀ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni báyìí. Ó ní mọ́kàndínláàádọ́ta.

"Ó ku ọdún mẹ́fà," ni Verna wí. "Wọn kì í gba ẹni tí ò bá tíì pé márùndínlọ́gọ́ta síbí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè, o ti yege lórí ọ̀kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó dárúkọ yàrá. Karin din ẹyin, ó dúró tì í títí ó fi jinná. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó mú fìlà ìpẹja bàbá rẹ̀, ó lọ sí ilé ọkọ̀, ó ń wá ohun tó máa fi so ó mọ́ òpó iwájú ọkọ̀. Kò rí okùn. Verna tú òwú pupa tó wà ní ìka rẹ̀, ó nà án sí i.

"Dádì ò ní fẹ́ ẹ," ni Karin wí, ó ń so ó.

"Jẹ́ kó bínú díẹ̀," ni Verna wí. "So ó le dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni fìlà Orrin ti ń fì sọ́tùn-ún sósì níwájú ọkọ̀ Verna, bó bá ń lọ sí adágún láàárọ̀ àti bó bá ń lọ sí gbàgede nírọ̀lẹ́. Karin ṣì ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ìdárayá kan sínú yàrá abẹ́ ilé náà, ó ní Todd ló fẹ́ ẹ. Ohun tó ń béèrè báyìí ni bóyá Wendell ti rí bàtà rẹ̀ wọ̀, àti bóyá òótọ́ ni pé ìyá òun kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Verna á ní kò tíì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, á sì nu ṣúgà kúrò létè kó tó sọ̀rọ̀ síwájú.